Ike Omi Tó Bá Mi Gun Kilimanjaro

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní SS2 ló mu omi inú ike náà tán níṣojú gbogbo kíláàsì. Ó gbọ̀n ọ́n gbẹ, ó fi máákà kọ orúkọ kíláàsì wọn sí i lára, ó wá nà án sí mi. "Ma, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá dé òkè, ẹ ṣí i, kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wọ inú ẹ̀. Kẹ́ ẹ wá dé e padà pinpin, kẹ́ ẹ bá wa gbé e bọ̀." Bí mo ṣe gbé ike òfìfo kúrò n'Ìbàdàn lọ sí Tanzania nìyẹn.

Físíìsì ni mò ń kọ́ wọn. Ìtàn kan tí mo sọ ní kíláàsì ló bí gbogbo rẹ̀: ti Ray Zahab, ará Kánádà tó máa ń mu sìgá páálí kan lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, tó jáwọ́ ńbẹ̀, tó sì di asáré. Òun, Charlie Engle ará Amẹ́ríkà àti Kevin Lin ará Taiwan fẹsẹ̀ sáré la aṣálẹ̀ Sàhárà já, láti etíkun Senegal títí dé Òkun Pupa ní Íjíbítì. Ọjọ́ 111 gbáko ni wọ́n fi sá a, láti ìparí ọdún 2006 wọ oṣù Kejì 2007. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló wọ̀ mí lára jù. Ó dá àjọ kan tó ń jẹ́ impossible2Possible sílẹ̀, ó ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ síbi tó le bí igbó Amazon àti erékùṣù Baffin láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, àwọn ọmọ iléèwé sì ń bá wọn rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti orí àga kíláàsì, wọ́n ń béèrè ohun tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀.

Ọmọkùnrin kan nawọ́ láti ẹ̀yìn: "Ma, àwa ńkọ́? Ṣé àwọn ará ibẹ̀ yẹn nìkan ni?" Ẹnì kejì rẹ̀ ti dá a lóhùn kí n tó lanu: Kúnlé Adéyanjú ṣáà gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó lọ́dún 2022, ọjọ́ 41, nítorí ìjà pẹ̀lú àrùn rọpárọsẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Gbogbo wọn wá yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, Ma?"

Mo ní màá gun Kilimanjaro, òkè tó ga jù lọ ní Áfíríkà, ní Tanzania. Ọdún méjì ni mo fi dá owó rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù wa. Láàárín ìgbà yẹn, mo ń lọ gun Òkè Ìdànrè nígbàkúùgbà tí mo bá ráyè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ nígbà mìíràn. Oṣù Kejì ni mo wọkọ̀ òfuurufú, mo gba Addis Ababa kọjá.

Kilimanjaro ga tó 5,895 mítà. Ìbàdàn wa yìí kò ga ju bí 230 lọ. Ní ẹnu ọ̀nà Machame, níbi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè náà, wọ́n gbé ẹrù alábàárù kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n. Kò gbọdọ̀ ju kílò 20 lọ. Kí n tó dìde níbi tí mo jókòó sí, àwọn ọmọkùnrin yẹn ti ru àgọ́, gáàsì, ìkòkò àti oúnjẹ sórí àti sí ẹ̀yìn, wọ́n ti wọgbó lọ. Ohùn àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí kíláàsì lórí WhatsApp, orí wọn ni mo sọ ọ́ lé. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn wọ̀nyí ló ń gun òkè yìí ní ti gidi. Báàgì kékeré kan péré ni èmi gbé.

Amọ̀nà mi, ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, kì í pe orúkọ mi. Mwalimu ló ń pè mí, ìyẹn olùkọ́ ní èdè Swahili; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe Julius Nyerere, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Tanzania, náà. "Pole pole, Mwalimu." Rọra, rọra. Mo rò pé mo ń rọra ni, àfi ìgbà tí mo rí bí òun ṣe ń rìn.

Ní àgọ́ Machame, bíi 3,000 mítà, mo fa ọ̀rá ìpékeré yọ láti inú báàgì, ó ti wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi dá mi lóhùn: afẹ́fẹ́ tó ń tẹ ọ̀rá náà láti ìta ti dínkù, tinú rẹ̀ ṣì jẹ́ ti Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ tí mo ti fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ṣàlàyé tí kò yé wọn! Ní àgọ́ Barafu, 4,673 mítà, mo bẹ alásè wa kó jẹ́ kí n ki tẹmómítà bọ inú omi tó ń hó. Nǹkan bíi 85 ní ìwọ̀n Celsius ló dúró sí, dípò bí 100 ti ilé, omi sì ń hó yaya. Ẹnìkan ti béèrè bóyá ẹ̀wà lè jinná lókè. Alásè náà rẹ́rìn-ín, ó ní tí mo bá ní gáàsì tó máa jó títí di ọ̀la, kí n gbé e kaná.

Aago méjìlá òru la kúrò ní Barafu. Yìnyín ni orúkọ ọ̀hún túmọ̀ sí, ó sì ro ibẹ̀. Mi ò rí ju gìgísẹ̀ amọ̀nà mi lọ nínú tọ́ọ̀ṣì tí mo dè mórí. Mo ń ka ìṣísẹ̀ mi ní ogún-ogún kí n tó sinmi. Nígbà tó yá ó di mẹ́wàá, ó di márùn-ún. Omi tí mo gbé dání dì gbagidi. Orí ń fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń fi ọmọ odó lù ú.

Oòrùn yọ bá wa ní Stella Point, 5,756 mítà. Uhuru, ṣóńṣó rẹ̀ gan-an, fi mítà 139 péré ga ju ibi tí mo dúró sí. Amọ̀nà mi wò mí lójú, ó fi igi fa ìlà sílẹ̀, ó ní kí n rìn lórí rẹ̀, kí gìgísẹ̀ máa kan ọmọ ìka. Ìṣísẹ̀ kẹta, mo yà bàrá. Mo ní kó jẹ́ kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe, mo tún yà. Ọpọlọ tí kò rí ọ́síjìn tó lè wú. Ẹni tó bá ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ níbi tó ga báyẹn, àfi kó tètè sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo ti kà á, síbẹ̀ mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ọkùnrin yìí pé àwọn ọmọ kan ń dúró dè mí. Kò bá mi jiyàn. Ó bọ́ báàgì mi kúrò lẹ́yìn mi, ó gbé e kọ́ àyà tirẹ̀, ó kọjú sí ìsàlẹ̀.

"Ike!" ni mo ké. Ìka mi ti kú tipiri, kò lè yí ìdérí. Òun ló bá mi ṣí i, ó gbé e sókè nínú atẹ́gùn, ó dé e padà.

Nígbà tí a padà dé Barafu, mo gbé fóònù. Fún bí ìṣẹ́jú kan, ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n sọ pé mo dé ṣóńṣó. Ta ni yóò mọ̀? Mo sọ òótọ́ fún wọn, mo sì sunkún sínú rẹ̀. Mi ò pa ibẹ̀ rẹ́.

Ní Moshi, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè náà, ni mo yọ ike náà jáde. Ó ti rún wọlé, ẹ̀gbẹ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ìkejì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé e ka orí tábìlì níwájú SS2.

Wọ́n pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni ariwo sọ. Ẹnìkan bi mí bóyá ì bá fún jù báyìí lọ ká ní mo dé Uhuru. A ṣírò rẹ̀ lójú pátákó: ìyàtọ̀ náà kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ẹlòmíràn ní a kò ka ti òtútù mọ́ ọn, pé afẹ́fẹ́ tó tutù nini la dé mọ́ inú rẹ̀. A pa pátákó rẹ́, a tún bẹ̀rẹ̀. Agogo ìsinmi lù, ẹnikẹ́ni kò dìde.

Ẹni tó ni ike wá síwájú láti ṣí i. Àwọn tó kù rọ́ yí i ká, wọ́n na imú, wọ́n fẹ́ gbóòórùn afẹ́fẹ́ òkè. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀. Ó yí ìdérí. Fùú! Ike náà ta pàà, ó nà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró, ó wo inú rẹ̀, ó tún wò mí.

"Ma, tòkè ò jáde o. Tiwa ló wọlé."