Ibi tí ìdí ọkọ̀ ti ń sá mọ́ Sergio Pérez lọ́wọ́

Nínú eré-ìje 6 àkọ́kọ́ ní 2024, awakọ̀ Formula 1 tó ń jẹ́ Sergio Pérez kó àmì 103 fún ikọ̀ Red Bull. Nínú 18 tó kù lọ́dún náà, àmì 49 péré ló rí kó. Ikọ̀ kan náà ni, ẹni kan náà ló sì jókòó sídìí sítíárìn. Àwọn kan ní ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe ipò kejì ní Bahrain, ní Saudi Arabia àti ní Japan kò lè ṣàdédé gbàgbé iṣẹ́ láàárín oṣù kan.

Ẹ jẹ́ ká wo kọ́nà kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ń bọ̀ ní bíi 300 kìlómítà ní wákàtí. Awakọ̀ fi ẹsẹ̀ òsì tẹ bíréèkì, agbára tó fi tẹ̀ ẹ́ sì ju ìwúwo 100 kìlógíráàmù lọ. Ìwúwo ọkọ̀ ya síwájú, táyà iwájú di ilẹ̀ mú gírígírí, táyà ẹ̀yìn sì fúyẹ́. Bí eré ṣe ń dín kù, afẹ́fẹ́ tó ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ náà ń dín kù, nítorí náà awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì díẹ̀díẹ̀, kí táyà má baà gan kó sì máa wọ́ lórí ọ̀dà. Bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kúrò yìí náà ló ń yí sítíárìn. Àsìkò kékeré yẹn, tí bíréèkì kò tíì tán tí ọkọ̀ sì ti ń yà, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ Pérez wà.

Max Verstappen, tí òun àti Pérez jọ wà nínú ikọ̀ Red Bull, fẹ́ kí imú ọkọ̀ yà wéré bó bá ti fọwọ́ kan sítíárìn. Bí ìdí ọkọ̀ bá fì díẹ̀, kò kàn án. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà níbi tí yóò fi mú un kó tó fì. Ti Pérez yàtọ̀. Ìdí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa kó tó lè fọkàn tán an. Bó bá sá mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ní kọ́nà tó tẹ̀lé e yóò tẹ bíréèkì ṣáájú ibi tó yẹ, yóò pẹ́ kó tó yà, yóò sì pẹ́ kó tó fún ọkọ̀ níná. Bí ẹ bá pàdánù ìdá kan nínú 20 ìṣẹ́jú-àáyá ní kọ́nà kan, ẹ fi kọ́nà 14 tàbí 16 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wo ohun tó máa dà. Táyà ẹ̀yìn tó ń yọ̀ náà á gbóná lójú, á tún máa yọ̀ sí i.

Bí Red Bull ṣe ń pààrọ̀ ìyẹ́ iwájú àti abẹ́ ọkọ̀ RB20 lọ́dún yẹn, ọkọ̀ náà túbọ̀ ń le lọ́wọ́ ni. Kódà Verstappen fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tó borí ní Spain ní oṣù kẹfà, eré-ìje gbangba (Grand Prix) 10 ló kọjá kó tó tún borí ní Brazil ní oṣù kọkànlá. Ní Monza, ipò 6 ló bá dé, Pérez bá ipò 8 dé. Ẹni tí ọkọ̀ bá lára mu ń jìjàkadì; kí ni ká retí lọ́dọ̀ ẹni tí kò bá lára mu?

Ẹ lè ní, kí ló dé tí wọn ò fi tún un ṣe fún un? Wọ́n tún un ṣe. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí àtúnṣe tí kì í gba nǹkan míì lọ́wọ́ ẹni. Bí wọ́n bá dín igun ìyẹ́ iwájú kù, ìdí ọkọ̀ á balẹ̀, ṣùgbọ́n ní kọ́nà tí eré ti kéré, imú ọkọ̀ kò ní fẹ́ yà mọ́, awakọ̀ á wá máa dúró dè é. Bí wọ́n bá fi kún ìyẹ́ ẹ̀yìn, ọkọ̀ á jókòó, àmọ́ á máa fa afẹ́fẹ́ lójú ọ̀nà tó gùn, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn á sì kọjá. Ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí bọ́tìnnì lórí sítíárìn kí bíréèkì iwájú ṣiṣẹ́ ju tẹ̀yìn lọ. Ìyẹn á dáàbò bo ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n táyà iwájú lè gan, kí ojú kan lára rẹ̀ jẹ títí yóò fi tẹ́jú, kó máa gbọ̀n títí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tó tún burú jù ni àkókò. Wákàtí kan kan ni ìdánrawò, mẹ́ta ló wà lọ́sẹ̀ eré-ìje tí kò ní eré kúkúrú (sprint), ẹyọ kan ṣoṣo ni bí eré kúkúrú bá wà. Verstappen ń lo wákàtí wọ̀nyí láti wá ibi tí agbára táyà pin sí. Pérez ń lò ó láti wá ọkọ̀ tó lè wà. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ Sátidé, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe to ọkọ̀ àwọn méjèèjì, ohun tí àwọn ẹnjiníà rí lára ọkọ̀ kan kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ìkejì.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé inú ìpegedé, ìyẹn eré tí wọ́n fi ń mọ ipò tí kálukú máa ti bẹ̀rẹ̀, ló ti ń ṣubú. Lọ́dún yẹn, ìṣẹ́jú 18 ni abala àkọ́kọ́ ń gbà, ọkọ̀ 20 ló ń wọ̀ ọ́, 5 tó lọ́ra jù a sì lọ sílé. Ní 2024, Pérez wà lára àwọn tó lọ sílé níbẹ̀ ní Monaco, Canada, Silverstone, Hungary, Mexico àti Las Vegas. Ní Silverstone ó yí gbiri bọ́ sínú òkúta wẹ́wẹ́. Ní Hungary ó forí sọ ògiri nígbà tí òjò ń kán. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ipò 16, àárín èrò ló máa wà. Afẹ́fẹ́ dídàrú tí ọkọ̀ iwájú ń tú dà sẹ́yìn á gba ìyókù ohun tó ń tẹ ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àti pé àárín èrò ni wọ́n ti máa ń kọlu ara wọn: ní Monaco, ìyípo kìíní kò tíì parí tí òun àti Kevin Magnussen fi kọlu ara wọn. Owó àtúnṣe gbogbo èyí wá láti inú àpò tí òfin ti fi ìwọ̀n sí iye tí ikọ̀ lè ná nínú rẹ̀, ìyẹn owó kan náà tó yẹ kí wọ́n fi ṣe ohun èlò tuntun.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣiyèméjì nípa ọ̀rọ̀ ìdí ọkọ̀ yìí, kó wo Baku. Púpọ̀ nínú kọ́nà ibẹ̀ jẹ́ igun ilé: ẹ tẹ bíréèkì lórí ọ̀nà tó tọ́, ẹ yà, ẹ fún un níná. Kò sí pé ẹ ń tẹ bíréèkì fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí ẹ ń yà. Pérez ti borí níbẹ̀ ní 2021 àti 2023. Ní 2024, lójú gbogbo ìṣòro yẹn, ipò 4 ló ti bẹ̀rẹ̀, Verstappen wà ní ipò 6, ó sì ń bá Charles Leclerc du ipò kejì títí tó fi ku ìyípo méjì. Níbẹ̀ ni òun àti Carlos Sainz kọlu ara wọn. Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ yẹn, torí bí eré náà bá parí wọ́ọ́rọ́wọ́, ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn máa sọ nípa rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn ì bá yàtọ̀.

Mi ò ní bo àṣìṣe tirẹ̀ mọ́lẹ̀ o. Ní Canada ó kọlu ògiri, ó sì wa ọkọ̀ tí ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́ padà sí gáréèjì, tí ègé ń já bọ́ lójú ọ̀nà. Wọ́n bu owó ìtanràn 25,000 yúrò lé ikọ̀ lórí, wọ́n sì fa òun sẹ́yìn pẹ̀lú ipò mẹ́ta níbi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ ní Spain. Ní Mexico, nílé ara rẹ̀, ó gbé ọkọ̀ kọjá ojú ìlà tó yẹ kó dúró sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìyẹ́ tàbí abẹ́ ọkọ̀ tó fa ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ikọ̀ ní ẹ̀bi tó tóbi jù. Ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, lẹ́yìn Monaco gangan, tí gbogbo ènìyàn ti ń rí i pé nǹkan ti ń yọ̀, wọ́n kéde pé àdéhùn rẹ̀ di 2026. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá, wọ́n kéde pé àwọn ti pínyà. McLaren gba ife ikọ̀ pẹ̀lú àmì 666, Red Bull ní 589, wọ́n ṣe ipò kẹta. Àmì 77 ni ìyàtọ̀. Ẹ pín in sí eré-ìje 24: ó lé díẹ̀ ní àmì 3 ní eré-ìje kan. Bí Pérez bá ń ṣe ipò 6 (àmì 8) déédéé níbi tó ti ń ṣe ipò 8 (àmì 4), iye tí wọ́n fi ń wá a nìyẹn.

Wọ́n gbé Liam Lawson wọlé dípò Pérez ní 2025, ó lo eré-ìje 2. Ní China ó wà ní ipò 20 nínú ìpegedé eré kúkúrú àti ti eré gbangba. Wọ́n gbé Yuki Tsunoda wọlé, bẹ̀rẹ̀ láti eré-ìje Japan. Ní 2025, Verstappen kó àmì 421. Tsunoda kó 30 fún Red Bull nínú eré-ìje 22. Ṣáájú Pérez, Pierre Gasly lo eré-ìje 12 ní 2019, àmì 63 sí 181 ti Verstappen. Alex Albon ní 105 sí 214 ní 2020. Ẹni márùn-ún lórí àga kan náà. Nínú gbogbo wọn, Pérez nìkan ló borí lórí àga yẹn, ìgbà márùn-ún, tó sì ṣe ipò kejì lágbàáyé ní 2023.

Cadillac ti mú un fún 2026, òun àti Valtteri Bottas. Ọkọ̀ ọdún náà yàtọ̀ pátápátá: ó kéré, ó fúyẹ́, ìyẹ́ iwájú àti tẹ̀yìn ń ṣí, wọ́n sì ń pa dé bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Ipò tó bá parí sí kọ́ ni èmi máa kọ́kọ́ wò. Kámẹ́rà inú ọkọ̀ ni mo máa wò, láti ìgbà tó bá tẹ bíréèkì títí dé ìgbà tó bá yà, bóyá ọwọ́ rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ lórí sítíárìn.