Orúkọ bàbá mi ní Vorkuta

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti sá kúrò nílùú nítorí gbèsè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi. Alájọ ni mí n'Ìbàdàn. Mo fi owó àjọ àwọn ìyá ọlọ́jà dá òwò, òwò náà forí ṣánpọ́n, nígbà tí ọjọ́ ìkówó sì kù fẹ́ẹ́fẹ́ ní 2018, mo bá àwọn tó ń lọ wo Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé wọ Rọ́ṣíà pẹ̀lú Fan ID, èyí tó jẹ́ kí a wọlé láìgba físà.

Ní oṣù Kọkànlá, mo gbọ́ ní Moscow pé ẹnì kan láti àdúgbò wa ń béèrè mi. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin fún nǹkan bí ọjọ́ méjì, mo dé Vorkuta, ìlú kan ní àríwá pátápátá tí ọ̀nà mọ́tò kankan kò so mọ́ ìyókù Rọ́ṣíà. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni ìjọba Soviet kó lọ wa èédú níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1930; ní báyìí, ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ló ṣófo.

Ìyá àgbà tó gbà mí sílé, ọmọ ẹlẹ́wọ̀n ni. Kò bi mí ní ohun tí mo ṣe. Orúkọ bàbá mi ló béèrè, nítorí pé àwọn ará Rọ́ṣíà a máa fi orúkọ bàbá pe àgbàlagbà láti fi bọ̀wọ̀ fún un. Mo ní Peter ni, pé ó sì ti kú. Irọ́ ni, bàbá mi wà n'Ìbàdàn, òun ni àwọn olówó ń ká mọ́lé. Láti ọjọ́ náà ni ìyá náà ti ń pè mí ní Petrovich, ọmọ Peter: Petrovich, wá mu tíì; Petrovich, wọ bàtà tó nípọn. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, tí oòrùn kò yọ rárá fún ọjọ́ mélòó kan, ó tan àbẹ́là síwájú àwòrán mímọ́ kan, ó ní kí n wá gbàdúrà fún òkú bàbá mi. N kò lè gba àbẹ́là náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́, ó sì gbé fóònù fún mi. Ohun tí bàbá mi kọ́kọ́ béèrè ni bóyá mo ti jẹun.

Nítorí náà, ẹ tọ àwọn olówó yín lọ kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ bẹ̀ wọ́n, kí ẹ dá iye tí ẹ ó máa san. Bí ẹ bá sì ti sá, ẹ pe ilé kí ìwé ìgbélùú yín tó parí. Tèmi, ìyẹn Fan ID náà, yóò parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, mo kúrò kó tó pé. Ìyá aláta tí mo jẹ lówó jù ni mo kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún. Ó bú mi títí, kó tó ní kí n dìde.