Ọdún Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n Lẹ́yìn Knicks: Ohun Tí Mo Kọ́ Nípa Ẹni Tó Ni Ẹgbẹ́

Oṣù kẹfà ọdún 1994 ni bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kọ́kọ́ wọ̀ mí lọ́kàn. Mushin ni mo ń gbé nígbà náà. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, Rashidi Yekini gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n Bulgaria ní ìlú Dallas, gbogbo àdúgbò wa kò sì sùn. Ní ọjọ́ kejì, ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas kan náà, Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Èkó, gba ife-ẹ̀yẹ NBA, ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó ga jù ní Amẹ́ríkà, fún ẹgbẹ́ Houston Rockets. Ẹgbẹ́ tí wọ́n nà ni New York Knicks. N kò mọ̀ pé ẹgbẹ́ tí mo ń yọ̀ pé wọ́n fìdí rẹmi yìí ni màá wá fi ọkàn sí nígbà tí mo bá kó dé Bronx, ní ìlú New York, ní ọdún 1999.

Mò ń kọ èyí sí ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ kan, tí ẹ sì ti ń bínú sí ẹni tó ni ín débi pé oúnjẹ kì í lọ lẹ́nu yín lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá fìdí rẹmi. Èmi náà bínú, mo bínú fún ọdún tó pọ̀, ìbínú náà sì mú mi hu ìwà tí kò yẹ nínú ilé ara mi. Bí ẹnì kan bá ti la ọ̀rọ̀ yìí yé mi ní ọdún 2005, ìyàwó mi ì bá má sunkún ní ọdún 2014.

Ọdún tí mo dé ni Knicks tún dé àṣekágbá, tí San Antonio Spurs sì nà wọ́n. Mo rò pé ọ̀nà ayọ̀ ló ṣí yẹn. Ilé-iṣẹ́ Cablevision, tí Charles Dolan dá sílẹ̀, ló ni ẹgbẹ́ náà àti gbọ̀ngàn Madison Square Garden nígbà náà, James Dolan ọmọ rẹ̀ ló sì bọ́ sí ipò olórí níbẹ̀. Láti sáà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001 títí di èyí tó parí ní ọdún 2010, sáà mẹ́sàn-án gbáko, kò sí ọ̀kan tí ìṣẹ́gun Knicks fi pọ̀ ju ìfìdírẹmi wọn lọ. Kì í sì í ṣe ahun ló fa èyí. Owó ni wọ́n ń ná bí ẹni ń da omi sínú agbọ̀n. Ní ọdún 2001, wọ́n fún Allan Houston ní àdéhùn ọdún mẹ́fà tí owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 100 dọ́là, orúnkún rẹ̀ sì mú un fẹ̀yìn tì kí àdéhùn náà tó parí. Wọ́n gba Larry Brown ní akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ọdún 2005; ìṣẹ́gun 23 péré ló rí nínú ìdíje 82, wọ́n lé e lẹ́yìn sáà kan, wọ́n sì san mílíọ̀nù 18.5 dọ́là fún un kí ọ̀rọ̀ àdéhùn rẹ̀ tó parí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Joakim Noah, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ NBA máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn láti yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun, ohun tí wọ́n ń pè ní draft nìyẹn, ẹgbẹ́ kan sì lè fi àyè tirẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀. Ní ọdún 2005, Knicks fi irú àyè bẹ́ẹ̀ fún Chicago Bulls nítorí kí wọ́n lè rí Eddy Curry gbà. Ọ̀kan nínú àwọn àyè náà ni Chicago fi mú Noah ní ọdún 2007, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 22. Ó lo ọdún mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọdún 2014 pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáàbò bo ilé jù ú lọ ní gbogbo NBA. Ọdún 2016, lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti ń dá a lóró, ni Knicks wá lọ mú un wálé pẹ̀lú mílíọ̀nù 72 dọ́là fún ọdún mẹ́rin. Kó tó pé ọdún mẹ́ta, wọ́n ti yọ̀ǹda rẹ̀, wọ́n sì ń san owó rẹ̀ lọ. Ẹni tí ì bá jẹ́ tiwọn nígbà tí agbára wà lára rẹ̀, òun ni wọ́n fi owó gọbọi rà nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, akọ́nimọ̀ọ́gbá ni mo ń bú. Bí wọ́n bá ti lé ọ̀kan, inú mi á dùn fún oṣù kan, lẹ́yìn náà mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tó ti tẹ̀lé ẹgbẹ́ náà láti ìgbà tí wọ́n gba ife ní ọdún 1973, ló bi mí léèrè pé, “Àbúrò, ọwọ́ ta ni ó ń buwọ́ lu ìwé?” Mo dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ń yí padà tí àbájáde kò yí, ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í yí padà ló yẹ kí a wò.

Ṣùgbọ́n rírí ẹni tó jẹ̀bi kò tíì yanjú ọ̀rọ̀, nítorí ohun tó kàn ni pé kí a mọ ohun tó lè dùn ún. Àwa tí a dàgbà nídìí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kì í tètè rí ibi tí ìyàtọ̀ wà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ mẹ́ta tó bá gbẹ̀yìn nínú Premier League á já sí ìpele ìsàlẹ̀, owó tẹlifíṣọ̀n wọn á já pẹ̀lú wọn, olówó ẹgbẹ́ á sì mọ̀ ọ́n lára pé òun ti ṣi ọwọ́ ná. Kò sí irú rẹ̀ ní NBA. Ẹgbẹ́ 30 ló ń parí sáà, ẹgbẹ́ 30 kan náà ló ń bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ọgbọọgba ni wọ́n ń pín owó tẹlifíṣọ̀n gbogbo orílẹ̀-èdè láàárín ara wọn, àwọn tó gbẹ̀yìn ni wọ́n sì ń fún ní àǹfààní tó pọ̀ jù nínú draft. Ní sáà 2018 sí 2019, Knicks borí nígbà 17, wọ́n fìdí rẹmi nígbà 65, kò sì sí ẹgbẹ́ tó burú tó wọn lọ́dún náà. Lọ́dún kan náà, ìwé ìròyìn Forbes ní àwọn ni ẹgbẹ́ tí iye owó rẹ̀ ga jù ní NBA, bílíọ̀nù 4 dọ́là. Ẹ tún gbólóhùn méjì yẹn kà. Ẹni tó ń jókòó sórí irú ọjà bẹ́ẹ̀, igbe wa kò lè jí i lójú oorun.

Mo máa ń gbàdúrà pé kí Dolan ta ẹgbẹ́ náà. Ohun tó mú mi gbàgbọ́ pé ó lè ṣẹlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Hakeem, tó bá àwọn aláṣẹ Rockets ní gbólóhùn asọ̀ ní ọdún 1992 lórí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, tí wọ́n dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, tó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ. Ní ọdún 1993, Leslie Alexander ra ẹgbẹ́ náà ní mílíọ̀nù 85 dọ́là, ife-ẹ̀yẹ sì dé ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Mo gbàgbé pé ẹni tó ni Rockets nígbà náà ló fúnra rẹ̀ gbà láti tà. Donald Sterling ni Los Angeles Clippers fún ọdún 33, púpọ̀ nínú àwọn ọdún náà jẹ́ ti ìfìdírẹmi, kò sì sí ẹni tó fi ìyẹn lé e. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀ ní ọdún 2014 ló jẹ́ kí àjọ NBA lé e títí ayé, tí ẹgbẹ́ náà fi bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ní bílíọ̀nù 2 dọ́là.

Ọdún 2014 yẹn kan náà ni ìtìjú tèmi. Wọ́n ti gbé Phil Jackson wá láti máa darí ètò bọ́ọ̀lù Knicks, mo sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé ìyà ti tán. Ìyàwó mi ń dá àjọ pẹ̀lú àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o ni, inú àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ kan ló kó owó náà sí, lábẹ́ aṣọ òkè nínú àpótí, ó fẹ́ fi lọ wo ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo yọ 420 dọ́là níbẹ̀, mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì fún èmi àti Táyọ̀ láti lọ wòran lọ́jọ́ Kérésìmesì. Òkè téńté nítòsí àjà ni a jókòó sí. Washington Wizards nà wá. Nígbà tí a délé, àpò ìwé náà wà lórí tábìlì, ó ti ṣí i, ó sì ti ka owó inú rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, “Bàbá Táyọ̀, ta ni ọ̀gbẹ́ni tí ẹ kó owó ìyá mi fún yìí? Ṣé ó mọ̀ yín?” Omi bọ́ lójú rẹ̀. N kò rí èsì fọ̀. Oṣù mẹ́rin ni ìrìn àjò náà fi sún síwájú kí n tó lè dá owó náà padà.

Nítorí náà, ẹ dá iye kan tí ẹ lè ná lórí ẹgbẹ́ yín lọ́dún kan, kí ẹ dá a kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ojú yín ṣì mọ́lẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ létí ẹni tí ẹ jọ ń gbé. Ẹ má ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba ẹni tuntun síṣẹ́. Ní ti igbe pípa nínú gbọ̀ngàn, n kò ní kí ẹ má pa á, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ilé onílé lẹ wà. Charles Oakley, tó fi ọdún mẹ́wàá gbá bọ́ọ̀lù fún Knicks bí ọmọ ogun, ni àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ́ jáde nínú Garden ní oṣù kejì ọdún 2017. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, alátìlẹ́yìn kan kígbe sí James Dolan pé kó ta ẹgbẹ́ náà, Dolan sì fèsì pé kó lọ máa wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí wọ́n bá lè ṣe Oakley bẹ́ẹ̀, kí ni tèmi tìrẹ?

Ohun tó ṣí mi lójú jù wà nítòsí wa níbí. New York Liberty, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, wà lábẹ́ James Dolan kan náà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2018, wọ́n kó wọn kúrò ní Garden lọ sí gbọ̀ngàn kékeré kan ní White Plains. Ní ọdún 2019, Joseph Tsai rà wọ́n, ó kó wọn wá sí Brooklyn, ó sì náwó lé wọn lórí, títí wọ́n fi gba ife-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ wọn ní ọdún 2024. Ìlú kan náà ni o, eré kan náà. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń mú ọmọbìnrin mi lọ báyìí, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú iye tí mo dá ń lọ.

N kò fi Knicks sílẹ̀, n kò sì ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni: láti ìgbà tí wọ́n ti fi Leon Rose ṣe olórí ètò bọ́ọ̀lù ní ọdún 2020, nǹkan ti sàn gan-an. Ní ọdún 2025, wọ́n dé àṣekágbá ìhà Ìlà-oòrùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 2000, Indiana ló sì dá wọn dúró ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n lé Tom Thibodeau, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gbé wọn débẹ̀. Fóònù mi kò dákẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo ọ̀rẹ́ mi ló ń bínú. Ìyàwó mi bi mí pé kí ló dé, mo ní wọ́n tún ti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó wò mí lójú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé ìwé àjọ rẹ̀ fún mi, ó ní kí n bá òun ṣírò iye tó ti wà nílẹ̀. Mo pa fóònù, mo jókòó, mo sì bá a ṣírò rẹ̀.