Ẹ bá mi dúpẹ́ o, orúkọ mi ti jáde!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ bí mo ṣe fẹ́ yí láti dipátímẹ́ǹtì kẹ́mísírì sí ti ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ní yunifásítì, tí mo ti ń sunkún lé lórí látọjọ́ yìí, ti parí o! Mo ti rẹ́jísítà gbogbo kọ́ọ̀sì mi ní dipátímẹ́ǹtì tuntun, sẹmẹ́sítà ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí mo ti ń jókòó sí kíláàsì ìmọ̀ ẹ̀dá èdè. Kẹ́mísírì, ó dàbọ̀ o. A ò jà, a kàn pínyà ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ bó ṣe le tó, mi ò ní tún un sọ látòkè délẹ̀. Àmọ́ alẹ́ ọjọ́ kan wà tí mi ò tíì sọ fẹ́nì kankan. Dipátímẹ́ǹtì àtijọ́ ti fọwọ́ sí i pé àwọn yọ̀ǹda mi, wọ́n sì ti yọ orúkọ mi lóòótọ́ (irú iṣẹ́ yẹn ni wọ́n máa ń yára ṣe), èyí tuntun ò sì tíì gbà mí. Mo ṣí pọ́tà yunifásítì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní aago kan òru, ibi tó yẹ kí dipátímẹ́ǹtì mi wà, òfìfo. Mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń yan kọ́ọ̀sì, ó lóun ò rí kọ́ọ̀sì kankan fún mi, ó sì ku ọjọ́ mẹ́rin péré kí wọ́n tì í. Mo wá di àdán, n ò ṣe eku, n ò ṣe ẹyẹ. Mo ń pa á, mo ń ṣí i, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mo tẹ páswọ́ọ̀dù lódì lẹ́ẹ̀mẹta, pọ́tà bá tì mí mọ́ta. Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ẹ̀rín o.

Ẹni tí Ọlọ́run lò ni màmá kan tó jẹ́ sẹ́kítírì níbi tí mò ń lọ. Gbogbo ọ́fíìsì tí mo ti dé, "lọ kó o padà wá" ni orin wọn, àmọ́ màmá yìí tí ò mọ̀ mí rí ní kí n jókòó, wọ́n nu jígí ojú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan láti wá fọ́ọ̀mù tí mo fi ń tọrọ ìyípadà yìí. Ó tó wákàtí kan. Fọ́ọ̀mù mi ò sọnù o! Wọ́n ti fi pín-ìnnì so ó mọ́ ẹ̀yìn ti ẹlòmíì, wọ́n fọwọ́ sí ti ẹni yẹn, kò sẹ́ni tó ṣí i dé ẹ̀yìn. Pín-ìnnì kékeré báyìí! Màmá yọ ọ́, wọ́n fàtẹ́lẹwọ́ tẹ́ bébà yẹn dáadáa, àwọn fúnra wọn ló gbé e wọlé tọ olórí ẹ̀ka lọ. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Dìde jàre, lọ kàwé ẹ." Màmá, àwọn ọmọ yín ò ní wá olùrànlọ́wọ́ tì.

Ó wá kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní orí mi ti dàrú. "Ẹni tó lé eku méjì á pòfo," mo gbọ́. "Kí lo fẹ́ fi èdè ṣe, ṣé o ò ti ń sọ̀rọ̀ láti kékeré ni?" Mo gbọ́ yẹn náà. Èyí tó ká mi lára ni ẹni tó ní torí mo féèlì ni mo ṣe ń sá. Mi ò féèlì o, ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń wọ láàbù, ọkàn mi kì í bá a wọlé.

Kí n má parọ́, ó gba ọdún kan lọ́wọ́ mi. Àwọn kọ́ọ̀sì gbogbogbòò àti sítátísíìsì nìkan ló bá mi débí, gbogbo kirẹ́dítì láàbù yẹn, wọ́n ní kò bá tàwọn mu. Ọdún kejì ni mo tún wà, láàárín àwọn ọmọ tó ń pè mí ní àǹtí. Ìwọ tó o bá fẹ́ yí, jọ̀ọ́, bèèrè èyí tó máa bá ẹ lọ kó o tó tọwọ́ bọ̀wé, ṣe fótókọ́pì gbogbo fọ́ọ̀mù, má sì jẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ ẹ níbi kan kó o tó rí lẹ́tà ibòmíì. Ẹ ò bi mí, mo mọ̀, mo ti sọ ọ́ náà.

Kíláàsì àkọ́kọ́ ńkọ́? Olùkọ́ wa na àtẹ àmì ìró èdè àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IPA sára ògiri, ara mi yá gágá, àfi bí àtẹ ẹ́límẹ́ǹtì 118 tí mo ti há sórí! Òpó ń sọ ibi tí kọ́ńsónáǹtì ti ń wáyé, láti ètè dé ọ̀fun, ìlà ń sọ bí èémí ṣe ń kọjá. Wọ́n wá ní ká pe "pápá" díẹ̀díẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé p Yorùbá kì í ṣe iṣẹ́ ètè nìkan? Bí ètè ṣe ń pa dé, ẹ̀yìn ahọ́n náà ti lọ kan àfàsé, ibi rírọ̀ lẹ́yìn òkè ẹnu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ní kp nínú IPA, tí wọ́n á fi àmì bí afárá so méjèèjì pọ̀. Àfàséfètèpè lorúkọ ẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ tó o ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo, jọ̀ọ́, tún pe "pòfo" yẹn kí n gbọ́, kó o wo ibi méjì tí ẹnu ẹ dì mú lẹ́ẹ̀kan náà.