Ìdajì ìgò ló kó mi síyọnu

Mo fa fíìmù jáde nínú táǹkì tí mo fi fọ̀ ọ́, mo gbé e sójú iná, ó mọ́ gaara, kò sí àwòrán kankan lórí ẹ̀. Kámẹ́rà ni mo kọ́kọ́ bú. Àfìgbà tí mo wo etí fíìmù náà: àwọn nọ́ńbà tí wọ́n máa ń fi ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ síbẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ò hàn. Kámẹ́rà ò mọ nǹkan kan nípa nọ́ńbà yẹn o. Tí òun náà ò bá hàn, dẹfẹ́lọ́pà, ìyẹn oògùn tó ń mú àwòrán jáde lára fíìmù, ló ti kú. Mo káwọ́ lérí.

Ẹ̀bi ara mi ni. XTOL, irú dẹfẹ́lọ́pà kan, ni mo lò, ìdajì ìgò ló kù, mo sì ti gbé e sórí pẹpẹ fún ohun tó lé ní oṣù 6. Ojú ló tàn mí, torí ó ṣì mọ́ bí omi. D-76, dẹfẹ́lọ́pà mìíràn, tó bá ń bàjẹ́ máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bíi tíì, wàá rí i. Èyí tí wọ́n fi ìbátan fítámìn C pò, bíi XTOL, lè kú láìpa àwọ̀ dà. Rodinal, dẹfẹ́lọ́pà òun náà, tún wá yàtọ̀: á dúdú bíi kọfí, á sì máa ṣiṣẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò fi àwọ̀ ṣèdájọ́ mọ́.

Afẹ́fẹ́ inú ìgò ló ń pa dẹfẹ́lọ́pà. D-76 tó kún dẹ́nu, tí wọ́n dé pinpin, lè lo oṣù 6. Tó bá ku ìdajì, oṣù 2 ni. Ní báyìí, bí mo bá ti po lítà kan tán, ìgò gíláàsì 250 mílílítà mẹ́rin ni mo ń dà á sí. Mo máa ń rọ ọ́ títí yóò fi wú lẹ́nu ìgò, tí díẹ̀ á dà sí mi lọ́wọ́ bí mo bá ń dé e (mo ń wọ ìbọ̀wọ́). Ọ̀kan ni mò ń ṣí lẹ́ẹ̀kan. Mo ra ike tó ń ká wọnú ara ẹ̀ rí, owó ṣòfò ni: afẹ́fẹ́ ń gba ara ike yẹn wọlé, àwọn ìṣẹ́po ẹ̀ ò sì ṣeé fọ̀.

Ẹ má bu lẹ́búlẹ́bú dẹfẹ́lọ́pà díẹ̀ nínú ọ̀rá pò o. Àwọn èròjà inú ẹ̀ ò pín dọ́gba, ohun tí ẹ bù lónìí lè máà jọ ti ọ̀la. Ẹ pò ó tán lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pò ó sára ìgò. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ńkọ́? Rárá, ọmọdé lè gbé e mu.

Fíkísà, oògùn tó tẹ̀ lé dẹfẹ́lọ́pà, tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ba àwòrán jẹ́ mọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ èèyàn lẹ́nu. Tí ẹ bá rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ imí ọjọ́ nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ má lò ó mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ju ègé fíìmù sí i kí ẹ wo aago: tó bá gba ìlọ́po méjì àsìkò tí fíkísà tuntun ń lò kí ègé náà tó mọ́ gaara, fíkísà ti tán nìyẹn.

Dẹfẹ́lọ́pà náà, mò ń dán an wò báyìí kí n tó fọ fíìmù gidi. Mo máa gé orí fíìmù tí ìmọ́lẹ̀ ti kàn, mo máa rì í bọnú ẹ̀ lójú iná. Lánàá tí mo ṣí ìgò kẹrin, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi dú bí èédú. Mo wá pa iná.