Àwa Okun tí a kò rí òkun rí: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi

Àìfi àmì sórí ọ̀rọ̀ ló kó bá mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ nípa òkun. Mo kọ OKUN gàdàgbà sójú pátákó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú ṣọ́ọ̀kì tó bọ́ lọ́wọ́ mi ni ọmọkùnrin kan lẹ́yìn bá ké pé, "Àwa nìyẹn!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Wọn ò jẹ̀bi. Lápá ọ̀dọ̀ wa ní ìwọ̀-oòrùn Kogí, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Kàbbà, "Okun o" ni à ń kí ara wa láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe gbogbo wa. Okun tiwa, agbára ni. Òkun tí èmi ń sọ, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó wà níwájú mi tó fojú rí i rí. Èmi tí mo fẹ́ kọ́ wọn, mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó débẹ̀, ìgbà tí àbúrò mi ṣègbéyàwó ní Èkó.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn: mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà. Mo ti tẹ àwòrán jáde láti orí fóònù, mo sì ti kọ iye sílẹ̀. Mo sọ fún wọn pé àwọn olùwádìí ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2010 nìkan, ike àti ọ̀rá tó ti orí ilẹ̀ wọ inú òkun wà láàárín mílíọ̀nù 4.8 sí mílíọ̀nù 12.7 tọ́ọ̀nù. Wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo ìjókòó òfìfo. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kí ni yóò fi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ṣe?

Àwòrán ìjàpá òkun ló jí wọn. Ọ̀rá há a lẹ́nu. Mo ṣàlàyé pé ẹran omi kan wà tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì, tí ara rẹ̀ mọ́ gaara débi pé èèyàn lè tipasẹ̀ rẹ̀ rí òdìkejì, àwọn ìjàpá òkun kan a sì máa jẹ ẹ́. Bí ọ̀rá bá ń léfòó nínú omi, kò yàtọ̀ sí i lójú ìjàpá. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. "Àǹtí, ṣebí Ìjàpá gbọ́n? Ìjàpá tó tan Erin dé ààfin, ọ̀rá lásán ló wá tan òun jẹ?"

N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ni mo tó padà wá bá a pé: gbogbo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tí Ìjàpá mọ̀, kí ọ̀rá tó dáyé ló kọ́ ọ. Irú ìjàpá òkun ti wà láyé fún ohun tó lé ní mílíọ̀nù 100 ọdún. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣèèṣì bá a pàdé níbi iṣẹ́ wọn. Ọjọ́ mélòó ló fẹ́ fi kọ́ ọgbọ́n rẹ̀? Ọmọ náà ronú, ó ní, "Ó ṣe mí láàánú o." Mo rí i pé èyí wọlé ju mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fi ń tijú títí dòní. Mo fẹ́ kí wọ́n fojú rí i pé odò kékeré ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ wa ń lọ sí òkun. Mo ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni tí yóò bá a ní etíkun. A kọ mẹ́fà. A ká wọn sínú ike mínírà mẹ́fà, a dé e pinpin, mo sì ka "ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta." Wọ́n jù ú. Omi ta sí wa lára, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni ọmọ kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ fa aṣọ mi: "Àǹtí, ìdọ̀tí kọ́ nìyẹn?"

Ẹ ò rí mi bí mo ṣe ká yẹ̀rì sókè tí mo ń sáré gba etí odò. Àwọn ọmọ ń tẹ̀ lé mi, wọ́n rò pé eré ni. Níbi afárá tí omi ti ń gba inú páìpù sìmẹ́ǹtì kọjá la ti bá mẹ́rin. Wọn ò tilẹ̀ dá wà: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ti di páìpù náà fọ́nfọ́n, pámpásì wà níbẹ̀, sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì kan, ike oògùn apakoríko, àti àjákù àwọ̀n ẹja tó wé mọ́ gbogbo rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n di ẹrù lọ́jà. A mú igi, a ń fà á. Ọmọ tó ké "Àwa nìyẹn" fa ọ̀rá kan jáde, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ketekete, ló bá ní, "Ilé-iṣẹ́ yìí ti kógbá sílé kí wọ́n tó bí mi!" Ọ̀rá dàgbà jù ú lọ. Ike méjì yòókù ti lọ, pẹ̀lú lẹ́tà tí èmi fúnra mi buwọ́ lù.

Orí afárá yẹn ni mo ti rí bí ó ṣe yẹ kí n kọ́ ọ. Mo fi igi ya odò sórí ilẹ̀: odò tiwa yìí bọ́ sínú odò tó jù ú lọ, ìyẹn bọ́ sínú Ọya. Ọya ti rìn láti orí òkè ilẹ̀ Guinea kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo ìrìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,200 kìlómítà. Ní Lọ́kọ́ja, Bẹ́núè wá bá a. Wọ́n gba Ìdá, wọ́n gba Oníṣà, wọ́n pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, wọ́n sì já sínú òkun. Lọ́dún 2017 àwọn olùwádìí kan ní Jámánì ka odò mẹ́wàá tó ń kó ike lọ sókun jù láyé. Ọya wà níbẹ̀. Ìwádìí mìíràn jáde lọ́dún 2021, ó ní kì í ṣe odò ńlá nìkan, odò tó lé ní 1,000 ló ń pín iṣẹ́ náà ṣe, àwọn odò kéékèèké tó ń gba àárín ìlú sì wà lára àwọn tó burú jù. Nígbà tí mo sọ èyí, gbogbo ojú yí sí páìpù. Mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti ṣàlàyé.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ tí ẹ ń gbé ibi tí kò sí òkun, nítorí náà, ẹ fi fóònù sílẹ̀ ná. Ẹ mú ọmọ lọ sí gọ́tà tó wà níwájú ilé yín.

Àwọn ọmọ náà ló dá a lábàá pé ká fi ọsàn rọ́pò ike. A fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kọ lẹ́tà orúkọ wa sí èèpo rẹ̀. Ọsàn máa ń léfòó tí èèpo rẹ̀ bá wà lára rẹ̀. Ọ̀kan tí olójúkòkòrò kan ti bó rì pọ̀ọ́, èyí náà di ẹ̀kọ́. Ní ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, a tún gbẹ́ ihò, a sin ewé tí wọ́n fi di mọ́ín-mọ́ín, a sin ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tì í. Lópin táàmù, a hú u. Ewé ti di ilẹ̀, a ò rí ju egungun rẹ̀ lọ. Ọ̀rá ń dán.

Ẹja náà wà. Ọmọ tí kò rí òkun rí, ó ti jẹ òkun. Títù, kótè àti sáwá tí ìyá rẹ̀ ń rà lọ́dọ̀ ẹlẹ́ja yìnyín lọ́jọ́ ọjà, omi iyọ̀ ni gbogbo wọn ti wá. Mo ra títù kan, a là á nínú kíláàsì. Wọ́n ti ń retí ọ̀rá nínú ikùn rẹ̀, ara wọn ń yá gágá. A kò bá nǹkan kan. Mo lè parọ́, mo mọ olùkọ́ tó máa parọ́. Mo sọ fún wọn pé kì í ṣe gbogbo ẹja ló ń gbé ọ̀rá mì, àti pé ike máa ń rún nínú oòrùn àti ìgbì títí yóò fi kéré ju ohun tí ojú wa lè rí. Inú wọn ò dùn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà mí gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ tó kù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Bàbá ọmọ kan wá bá mi ní ọ́fíìsì, ojú rẹ̀ pọ́n. Wọ́n ń bọ̀ láti Kàbbà, ó mu píọ̀ wọ́tà tán, ó ju ọ̀rá gba fèrèsé ọkọ̀. Ọmọ rẹ̀ ní, níwájú àwọn èrò, "Bàbá, ẹ ti pa ìjàpá." Èrò rẹ́rìn-ín. Bàbá gbá a létí. Ó bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ẹ̀kọ́ tí mo ń sanwó fún nìyí, kí ọmọ máa bú bàbá rẹ̀?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, mi ò ní tan yín. Kì í ṣe pé ọmọ náà purọ́. Èmi ni mo fún un ní ọ̀rọ̀, tí n kò fún un ní ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́. Ọmọ wa kò lè bá àgbà wí, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Ẹni tó bá kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, òun ló jẹ̀bi ìgbátí. A jókòó lé e lórí nínú kíláàsì. A wá rí èyí: kí ọmọ na ọwọ́ kí ọ̀rá tó kúrò lọ́wọ́ àgbà, kó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín mú un dání." Kò sí bàbá kan nílẹ̀ Okun tí ọmọ yóò bá gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò bínú. A ṣe é bí eré, wọ́n ń ṣe bàbá, wọ́n ń ṣe dẹ́rẹ́bà. Àpò kékeré kan ń wà nínú báàgì wọn báyìí fún ọ̀rá tí wọ́n bá gbà.

Ọ̀rọ̀ gamalin, mi ò fà á gùn. Wọ́n ń da oògùn kòkòrò yẹn sódò níbi púpọ̀ kí ẹja lè kú léfòó, tọmọ tìyá rẹ̀. Ọmọ kan fẹ́ dárúkọ ẹni tó ń ṣe é, mo pa á lẹ́nu mọ́. Àgbà ni kó lọ bá àgbà lórí ìyẹn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn olórí àdúgbò fúnra mi.

Àwọn ìyá tún bi mí pé ibo ni kí àwọn da ọ̀rá àti ike sí. Òótọ́ ni. Kò sí ọkọ̀ ìdọ̀tí tó ń wá àdúgbò wa. Bí wọ́n bá sun ọ̀rá, èéfín rẹ̀ ń pa èdọ̀fóró. Ohun tí a lè ṣe ni a ń ṣe: a dá ewé padà sórí mọ́ín-mọ́ín, a ń fọ ike, a ń tà á fún àwọn tó ń ra ike lọ́jà. Ọ̀rá ló kù sí wa lọ́rùn, ó kún àpò mẹ́ta ní kọ̀rọ̀ kíláàsì mi, ọ̀gá wa sì ti ń wò mí níwòkuwò.

Ọmọ tó fa aṣọ mi lọ́jọ́sí ti wọ kíláàsì mìíràn báyìí. Bó bá ti rí mi lójú ọ̀nà, yóò kúnlẹ̀, "Okun o, Àǹtí," lẹ́yìn náà ni yóò bi mí, "Ṣé ọsàn mi ti dé Lọ́kọ́ja?"

Mo ní ó ṣeé ṣe kó ti jẹrà lọ́nà.

"Kò burú," ó ní, "ẹja á jẹ ẹ́."