Ẹ wo ohun tí wọ́n ń bèèrè kẹ́ ẹ tó gba ipò gbọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń parí ìwé ní Àjàṣẹ́ tẹ́ ẹ sì ń wá stage, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti máa kọ́ṣẹ́, kiri Kútọnu, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wọ ẹ̀ka RSE, níbi tí kọ́ńpìnì ti ń ṣe ojúṣe ẹ̀ fún aráàlú, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi. Ẹ má kọ́kọ́ ka ìlérí ọ̀gá, ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń to àwọn kọ́ńpìnì sípò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà, torí ohun tíwèé yẹn bá bèèrè lowó máa ń bá lọ.

Ipò yẹn lágbára gan-an o. Ẹ wo Access to Medicine Index, àjọ kan ní Netherlands ló ń gbé e jáde látọdún 2008, 20 kọ́ńpìnì oògùn ńláńlá ni wọ́n ń wò, bóyá oògùn wọn ń dọ́wọ́ àwọn tálákà àbí ò dé. GSK ló ń gba ipò kìíní léraléra títí dé 2022, nígbà tó di 2024 Novartis gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sófin tó ní kí wọ́n du ipò yẹn, àmọ́ orogún wo ló fẹ́ kí wọ́n yin ìyáálé níṣojú òun? Kódà àwọn ọ̀mọ̀wé méjì kan, Chatterji àti Toffel, ṣèwádìí ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé e jáde ní 2010, wọ́n rí i pé àwọn kọ́ńpìnì tí wọ́n fún ní máàkì burúkú lórí ọ̀rọ̀ àyíká ló tún ìwà ṣe ju àwọn tó kù lọ.

Àmọ́ ẹ bèèrè pé ta ni wọ́n fi wé ta. Ní oṣù karùn-ún 2022 wọ́n yọ Tesla kúrò nínú S&P 500 ESG Index, ìyẹn àkójọ àwọn kọ́ńpìnì ńlá Amẹ́ríkà tí wọ́n ní wọ́n ṣe dáadáa lórí àyíká, aráàlú àti ìṣàkóso (ESG nìyẹn), ExxonMobil tó ń wa epo wà níbẹ̀ ní tiẹ̀, ariwo wá sọ, Elon Musk tó jẹ́ ọ̀gá Tesla ní jìbìtì ni ESG. Bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ́tò ni wọ́n fi Tesla wé, àwọn elépo ni wọ́n fi Exxon wé, wọ́n sì tún wo ẹ̀sùn ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí wọ́n fi kan ilé iṣẹ́ Tesla.

Èyí tó dùn mí jù ni ti omi. Ní abúlé kan lápá Kétu, ẹ sì mọ̀ pé omi jìn nílẹ̀ lọ́hùn-ún, kọ́ńpìnì kan tí mo bá ṣiṣẹ́ gbẹ́ kànga pọ́ǹpù, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n kọ ọ́ sí rapọ́ọ̀ ọdún. Nígbà tí mo débẹ̀, ọwọ́ pọ́ǹpù ti kán, wọ́n ti fi rọ́bà taya dè é mọ́ igi, síbẹ̀ kò gbé omi, àwọn ìyá wa ti padà sídìí omi òjò inú àgbá. Ìwé ìbéèrè bèèrè iye kànga tí wọ́n gbẹ́, ó bèèrè bóyá wọ́n ní ìlànà àkọsílẹ̀ lórí omi, kò síbi tó ti bèèrè bóyá omi ṣì ń jáde! Mo ní kí wọ́n yọwó àtúnṣe, wọ́n ní ìyẹn ò ní máàkì.

Ojú ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé náà ni mo wá lò, wọ́n fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ fún àlàyé tó bá wù yín. Mo bá ọ̀gá sọ ọ́ títí ó fi gbà ká máa kọ iye oṣù tí pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan fi ṣiṣẹ́ lọ́dún síbẹ̀, nígbà tó sì di pé nọ́ńbà yẹn máa jáde síta, wọ́n wá kọ́ ọmọ abúlé yẹn kan ní àtúnṣe pọ́ǹpù, wọ́n ń sanwó fún un. Ẹni tó bá fẹ́ rí bá a ṣe kọ ọ́, kó bá mi sọ̀rọ̀, màá fi hàn án.